Ewé Akíntọ́lá Lórí Ilẹ̀ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìgbòho)

Wọ́n ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ewé kan. Bí a ti ń wọlé ni a gbọ́ tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé ṣé ọ̀rọ̀ ewé ni a ó fi ìpàdé ṣe, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó yíyá ṣì wà nílẹ̀. Ẹ má bínú sí wa. Ọ̀rọ̀ owó yíyá náà ni a bá wá, ẹ ó sì rí i láìpẹ́.

Ewé tí a ń wí yìí ni àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Àwa kì í ṣe olóṣèlú, a ò ní dá sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó rántí ọdún 1962, nígbà tí wọ́n yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kúrò ní ipò prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn tí ó sì fi igi gúnlẹ̀ pé òun kò lọ, mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń pe ewé náà ní "Akíntọ́lá ta kú". Ẹ ṣán an, yóò tún rú. Ẹ finá sun ún, òjò méjì péré, ó ti tún yọrí láti inú gbòǹgbò.

Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àárín gbùngbùn àti gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn òyìnbó gbé e dé Íńdíà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti fi ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì tàn káàkiri ìhà ibẹ̀. Ní ọdún 1937, wọ́n kó èso igi mẹlínà wá sí Nàìjíríà láti Sílónì, ìlú tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Èso ewé yìí ti dà pọ̀ mọ́ èso mẹlínà náà, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Inú àpò irúgbìn ló gbà wọlé. A fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ẹgbẹ́ wa náà ń ra irúgbìn ní àpò àpò.

Èso rẹ̀ kéré, ó sì ní irun bí òwú lórí. Igi kan tó dàgbà dáadáa lè so èso tó ju 80,000 lọ. Ìgbà tí òjò bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ó ń tanná, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yóò wá gbé èso náà kiri. Èyí tí afẹ́fẹ́ kò bá gbé, aṣọ wa, ẹsẹ̀ ẹran àti ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ táyà ọkọ̀ yóò gbé e.

Kí a má parọ́ mọ́ ewé, ó ní oore tirẹ̀. Bí àdá bá gé ènìyàn lóko, ewé rẹ̀ ni a ń ra sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àwọn àgbẹ̀ kan ní apá ìsàlẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lórí ìgbòrò, nítorí ó ń ṣíji bo èkàn títí èkàn yóò fi kú, ẹni tó bá sì ti bá èkàn jà rí mọ̀ pé oore ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé láàárín igbó ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Koríko ni màlúù àti àgùntàn ń jẹ níhìn-ín, ewé Akíntọ́lá kì í sì í ṣe oúnjẹ wọn. Ibi tó bá ti gbà, koríko kò ní rí oòrùn mọ́. Darandaran tí kò bá rí koríko lórí ìgbòrò, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ẹran rẹ̀ yóò kọjú sí.

Ti iná tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni iná ọdọọdún ti ń jó koríko Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n bí iná náà bá dé etí igbó tútù lẹ́bàá odò, ibẹ̀ ló máa ń kú sí. Nísinsìnyí, etí igbó yẹn gan-an ni ewé yìí fẹ́ràn jù, nítorí ọ̀rinrin ibẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, igi rẹ̀ á gbẹ bí ìṣáná, á sì mú iná wọ inú igbó tí iná kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa tí a ń gbé ìlú tí ó ní Igbó Ọba, níbi tí Aláàfin mẹ́rin sùn sí, kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ etí igbó.

Ilẹ̀ wa gbẹ ju ti Ìbàdàn àti Oǹdó lọ, ìdí nìyẹn tí ewé náà kò fi tíì rí wa gbé ṣe bí ó ti rí tiwọn gbé ṣe. Etí odò, ẹ̀bá ọ̀nà àti ìgbòrò ló kọ́kọ́ ń mú. Ọwọ́ ṣì ká a.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí owó. Ọ̀kan nínú wa yá owó ẹgbẹ́ láti ṣí ìgbòrò kan tí ewé yìí ti bò. Ó gba alágbàṣe, wọ́n ṣán an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sun ún, ó sì gbin ẹ̀gẹ́ nígbà tí òjò dé. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló san owó ìroko kí ẹ̀gẹ́ tó borí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbòrò aládùúgbò rẹ̀, tí olówó rẹ̀ ti wà ní Èkó láti ọdún gbọọrọ, tún fẹ́ èso sí i nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni tata dé, ó sì jẹ ewé ẹ̀gẹ́ títí tí igi nìkan fi kù. Nígbà tí ọjọ́ owó pé, kò rí i san. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ló san án, ọ̀kan nínú wọn sì ta ewúrẹ́ láti san tirẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ni arákùnrin náà. Òun nìkan ló ń bá ohun tó ń fò kọjá ààlà jà.

Tata tí a wí yìí kì í ṣe ọ̀tọ̀. Tata aláràbarà tó ń rùn, tó máa ń pọ̀ lórí ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọmọ ilẹ̀ wa ni tata, ṣùgbọ́n òdòdó ewé àlejò yìí ń fà á mọ́ra gan-an, májèlé inú òdòdó náà sì ń dáàbò bo ẹyin rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970 rí i pé àwọn abo rẹ̀ máa ń péjọ láti ọ̀nà jíjìn sí ojú kan lábẹ́ òjìji láti yé ẹyin sínú ilẹ̀. Bí a bá mọ ojú ibẹ̀, tí a sì fi ọkọ́ wú ilẹ̀ náà kí oòrùn lè pa ẹyin, tata tó yẹ kó tàn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ni a ti pa lójú kan yẹn.

Ẹnìkan bi wá lánàá pé ṣé ìjọba kò lè wá oògùn sí i. Ìbéèrè rere ni. Àwọn tó dáko ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí 1980 yóò rántí kòkòrò funfun kan, bí ẹni tó da lẹ́búlẹ́bú sórí ewé, tó ń ká ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ kò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni òun náà ti wá; apá Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní ọdún 1973. Hans Herren, ará Switzerland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA ní Ìbàdàn kò fi oògùn olóró bá a jà. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ dé ìlú rẹ̀. Ní 1981, wọ́n rí agbọ́n tíntìnnín kan ní Paraguay tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, wọ́n yẹ agbọ́n náà wò fínnífínní, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún yẹn kan náà. Agbọ́n náà tàn ká ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ Áfíríkà, kò sì sí àgbẹ̀ tó san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé. Ní Gánà, láti 1991, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ewé Akíntọ́lá: labalábá òru kan tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé náà. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n a kò lè káwọ́ gbera kí labalábá tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àlejò mìíràn kò kúkú dúró dè wá: àràn tó ń jẹ ọ̀mùnú àgbàdo dé láti Amẹ́ríkà ní 2016.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá àáró sílẹ̀ fún ewé yìí. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣì tutù ni kí a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí òjò tó parí, kí ó tó tanná. Ẹni tó bá ṣán an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Etí odò ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó dé ẹ̀bá ọ̀nà, kí a tó wá wọ ìgbòrò. Ìgbòrò ẹni tí kò sí nílé, kí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a bá a tu ú; àánú rẹ̀ kọ́ ni a ń ṣe, ara wa ni a ń ṣàánú. Irúgbìn tí ẹgbẹ́ bá rà, kí a tú àpò rẹ̀ sórí ẹní kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó pín in. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yá owó láti ṣí ilẹ̀ tí ewé yìí ti bò, kí ìgbìmọ̀ lọ wo ilẹ̀ náà àti ìgbòrò tó yí i ká kí onídùúró tó tẹ̀ka.

Ẹgbẹ́ tó bá ti fẹnu kò, kí akọ̀wé rẹ̀ kọ ọjọ́ àáró rẹ̀ sílẹ̀ fún wa kí a tó tú ká. Ọkọ́ ni kí ẹ mú wá, kì í ṣe àdá. Ó yá, akápò, ẹ máa bọ̀ níwájú, ọ̀rọ̀ owó yíyá ló kàn.