Ọ̀pá Èéfín àti Ẹ̀fúùfù: Bí Èéfín Kò Ṣe Ní Padà Wọ Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin ìyá tí ń dáná, ẹ̀yin baba tí ń kọ́lé, àti gbogbo ẹ̀yin tí ń yan gààrí fún ọjà, ọ̀rọ̀ èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ojú tí ń ṣomi nídìí agbada ni gbogbo ènìyàn ń rí. Ohun tí èéfín ń ṣe nínú àyà ni kò hàn sí ojú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín inú ilé ṣekú pa káàkiri ayé, àti pé ó lé ní 237,000 nínú wọn tí ó jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5. Ọmọ tí ìyá pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò ń mí èéfín kan náà tí ìyá ń mí, bẹ́ẹ̀ ni àyà ti ọmọ kò sì tíì gbó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti náwó sí ọ̀pá èéfín, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ṣímínì. Wọ́n ra páànù, wọ́n pe oníṣẹ́, wọ́n gbé ọ̀pá náà nàró. Fún ìgbà díẹ̀, ara tu gbogbo ilé. Nígbà tí ó yá, ẹ̀fúùfù dé, èéfín tí ó ti ń jáde yí padà, ó sì kún inú ilé ìdáná. Wọ́n ní ẹ̀fúùfù ni ó ba iṣẹ́ jẹ́, wọ́n sì pa ọ̀pá náà tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù kan náà tí ń ti èéfín wọlé ni ó lè máa fà á jáde. Ibi tí orí ọ̀pá wà, àti irú fìlà tí a dé e, ni ẹjọ́ wà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń gbé èéfín lọ sókè. Ooru ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, gẹ́gẹ́ bí òróró ti fúyẹ́ ju omi lọ tí ó sì ń léfòó lórí rẹ̀. Bí inú ọ̀pá bá ṣe gbóná tó, tí ọ̀pá náà sì ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ń fa èéfín yóò ṣe pọ̀ tó. Síbẹ̀, agbára yìí kò le púpọ̀. Bí ọ̀pá kan bá ga ní mítà 4, tí èéfín inú rẹ̀ sì gbóná tó 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀fúùfù tí ń sáré ní kìlómítà 18 ní wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó o, bí ó bá kọjú sí ẹnu ọ̀pá tààrà. Ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìjì. Ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ nìkan ni ó ń mì. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, agbára tí ó fi ń ti nǹkan yóò di ìlọ́po 4. Ìdí nìyí tí ẹ̀fúùfù tí ń ṣáájú òjò fi máa ń da gbogbo èéfín padà sílé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti ẹ̀fúùfù tí ń fẹ́ kọjá lórí ẹnu ọ̀pá yàtọ̀. Kì í ti èéfín, fífà ni ó ń fà á. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ tí ń sáré yóò ti rí èyí rí: bí ẹnìkan bá ń mu sìgá nínú ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì ṣí fèrèsé díẹ̀, èéfín yóò gba ojú fèrèsé yọ lọ. Afẹ́fẹ́ tí ń sáré kọjá lóde ni ó fà á jáde. Bákan náà ni ẹ̀fúùfù tí ó rí ààyè kọjá lórí ọ̀pá ṣe ń fa ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí ni ó wá ń mú kí ẹ̀fúùfù dojú kọ ẹnu ọ̀pá? Ẹ̀fúùfù ń ṣe bí odò. Odò tí ó bá gun orí àpáta a já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a sì máa yí po níbẹ̀. Ẹ̀fúùfù tí ó gun orí òrùlé ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pá kúkurú tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn òrùlé ni ó sì ń já lé lórí. Benjamin Franklin, olóṣèlú àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1785. Ó ka ìdí 9 tí ọ̀pá èéfín fi ń da èéfín sílé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ilé tàbí òkè tí ó ga ju orí ọ̀pá lọ wà nítòsí rẹ̀.

Àtúnṣe àkọ́kọ́, nígbà náà, ni kí orí ọ̀pá bọ́ sí gbangba. Òfin tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni pé kí ọ̀pá yọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ó kéré tán, lókè ibi tí ó ti la òrùlé kọjá, kí ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i lọ, ìbáà ṣe góńgó òrùlé, ìbáà ṣe ògiri. Bí igi máńgòrò ńlá tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá wà nítòsí, ó sàn kí a gbé ọ̀pá jìnnà sí i.

Àtúnṣe kejì ni fìlà. Fìlà páànù tí a fi ń dènà òjò dára, ṣùgbọ́n bí ó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀pá jù, ó di ìdènà fún èéfín. Bí ihò ọ̀pá bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí àlàfo tí ó wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti fìlà má ṣe dín ní sẹ̀ǹtímítà 7.5, ọ̀nà tí èéfín yóò gbà jáde yóò wá fẹ̀ ní ìlọ́po 2 ihò ọ̀pá. Níbi tí ẹ̀fúùfù ti ń yí kiri, a lè ṣe orí ọ̀pá bí lẹ́tà T, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣí. Ẹ̀fúùfù tí ó bá wọ ẹnu kan yóò gba ẹnu kejì jáde, yóò sì mú èéfín dání.

Àwọn àgbẹ̀ Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ṣe fìlà tí ń yí. Wọ́n ń gbin hops, èyí tí a fi ń pọn bíà, iná ni wọ́n sì ń dá sábẹ́ rẹ̀ láti mú un gbẹ. Lórí ilé tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n gbé fìlà onígi funfun kan sí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀. Bí ẹ̀fúùfù bá ti yí, fìlà náà yóò yí pẹ̀lú, tí yóò kẹ́yìn sí ẹ̀fúùfù, ẹnu rẹ̀ kò sì ní kọjú sí i láé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà ti di ibùgbé ènìyàn lónìí, ṣùgbọ́n fìlà wọn ṣì wà lórí wọn.

Àtúnṣe kẹta wà ní ojú ilẹ̀. Iná tí ń jó gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ tuntun mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò fà á gba inú ọ̀pá wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà òkun, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni ẹ̀fúùfù ti ń wá fún ìgbà púpọ̀ jù nínú ọdún. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́. Fèrèsé tí ó kọjú sí ẹ̀fúùfù ni kí a ṣí, nítorí ó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń ran ọ̀pá lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn sí ẹ̀fúùfù nìkan ni ó ṣí, òun ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ ilé jáde, èéfín yóò sì padà sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, fèrèsé tí ó sin ilé ìdáná dáadáa nígbà òjò lè di èyí tí ó yẹ kí a tì nígbà ọyẹ́.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé gbogbo iṣẹ́ lé ẹ̀fúùfù lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ń se oúnjẹ alẹ́, ẹ̀fúùfù sábà máa ń rọlẹ̀. Ooru ni òṣìṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni ẹ̀fúùfù jẹ́. Kí ọ̀pá ga, kí ó dúró ṣánṣán láìní kọ́lọkọ̀lọ, kí a dí gbogbo ojú ibi tí ó ti lu, kí a sì máa gbá ẹ̀ẹ́dú inú rẹ̀ kúrò lóòrèkóòrè. Bí ọ̀pá bá tutù ní òwúrọ̀, kí a kọ́kọ́ sun ewé gbígbẹ tàbí bébà díẹ̀ ní ìdí rẹ̀ kí ó lè gbóná, kí a tó ki igi bọ ààrò.

Ìkìlọ̀ kan kù. Èéfín tí ó padà wọlé kì í ta ojú nìkan. Gáàsì olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, èédú tí kò rú èéfín rárá sì ń tú u jáde pẹ̀lú. Ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí èéfín bá ń padà, tàbí tí orí ń fọ́ àwọn tí ó wà nídìí iná, kí gbogbo wọn jáde síta ná, kí a tó wá ohun tí ó fà á.

Igi gogoro má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ẹni tí ó fẹ́ gbé ọ̀pá èéfín nàró kọ́kọ́ so àkísà mọ́ orí igi gígùn kan níbẹ̀, kí ó máa wò ó ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí àkísà náà bá nà tọ́ọ́rọ́ sí apá kan, ibẹ̀ dára. Bí ó bá ń yí po tí ó sì ń lọ́ mọ́ igi, ẹ̀fúùfù ń já lulẹ̀ níbẹ̀. Kí ó gbé igi náà ga sí i, tàbí kí ó wá ibòmíràn, kí ó tó sanwó fún oníṣẹ́.