Ìtọ́jú Ẹni tí Àìsàn Ara-Gbígbọ̀n Ń Bá Gbé



Àìsàn tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kì í pani lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í lọ bí ibà ti í lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń wọlé, a sì máa bá ènìyàn gbé fún ọdún mẹ́wàá, fún ogún ọdún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn Parkinson ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ara-gbígbọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní in ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo mọ ọkùnrin kan tí ó jẹ́ télọ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni pé òwú kò rọrùn láti fi bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ìkọ̀wé tí ó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí kéré, ó sì ń kéré sí i títí dé ìparí ìlà, bí ọ̀wọ́ èèrà. Bí ó bá gbé ọwọ́ lé itan láìṣe ohunkóhun, àtàǹpàkò rẹ̀ a máa yí lára ìka tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá sì mú nǹkan dání, gbígbọ̀n náà a rọlẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́ bí inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, apá rẹ̀ kan kò sì fì mọ́ bí ó bá ń rìn. Ará ilé ní ó ń bínú. Àwọn oníbàárà ní ó ti di ọ̀lẹ. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ó ń mutí. Ọdún mẹ́ta kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ọdún mẹ́ta tí ó fi ru ẹ̀bi ohun tí kò ṣe.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1817, James Parkinson, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé kékeré kan nípa ènìyàn mẹ́fà. Àwọn kan nínú wọn, ojú pópó ni ó ti pàdé wọn. Kò ní ẹ̀rọ kankan tí yóò fi wo inú ara. Ojú lásán àti sùúrù ni ó lò. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Charcot, oníṣègùn ará Faransé, dábàá pé kí a fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni èyí. Nínú ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń pèsè èròjà tí a ń pè ní dopamine, èyí tí ń ràn wá lọ́wọ́ kí ìfẹ́ wa láti rìn tó di ìrìn. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń kú díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbàgbé bí a ti ń rìn, ṣùgbọ́n àṣẹ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1961, Birkmayer àti Hornykiewicz ní Vienna fún àwọn aláìsàn ní oògùn levodopa, tí ara ń sọ di dopamine. Ní ọdún 1967, Cotzias ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá ń fi í fún wọn láti ẹnu, tí a sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n lè tún dìde rìn. Títí di òní, òun ni olórí oògùn àìsàn yìí. Kì í wò ó sàn. Ohun tí ó dín kù ni ó ń dí.

Yóò yà yín lẹ́nu pé levodopa wà nínú èso wèrèpè, ewéko tí irun rẹ̀ ń yún gbogbo wa lára lóko. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa lọ̀ ọ́ mu fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó wà nínú èso kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, àṣejù rẹ̀ sì ń ṣe ìpalára.

Àwọn kan ní àìsàn òyìnbó ni. Schoenberg àti Osuntokun ti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú ìwádìí láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, wọ́n sì fi wé ti àwọn ènìyàn dúdú ní Copiah County ní Mississippi. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1988: nínú 100,000 ènìyàn tí ó ti lé ní ọdún 39, ìṣirò 67 ni fún Igbó-Ọrà, 341 fún Mississippi. Tiwa kéré, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni àwọn baba àwọn ará Mississippi wọ̀nyẹn pẹ̀lú, 67 kì í sì í ṣe òfo. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí, Njideka Okubadejo ti Èkó wà lára wọn, fi hàn pé ìyàtọ̀ kan wà nínú àbùdá GBA1 tí àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá ń jogún. Ẹni tí ó jogún ẹyọ kan, ewu àìsàn yìí fún un tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó jogún méjì, ó tó ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ṣàìsàn náà rárá. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i: nínú ẹ̀jẹ̀ ni a ti rí i, kì í ṣe nílé aládùúgbò tí a ń fura sí.

Nígbà náà, báwo ni a ó ti bá a gbé? Àkókò ni aláìsàn yìí ń tọrọ lọ́wọ́ wa. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, kí a dúró. Ìdáhùn ń bọ̀. Bí ó bá ń di bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó dì í, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tilẹ̀ kọjá. Kí a má sì máa bá oníṣègùn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Oògùn pẹ̀lú ní àkókò tirẹ̀. Aago méje kì í ṣe aago mẹ́jọ. Bí ó bá pẹ́, ẹni tí ó ń rìn ní òwúrọ̀ lè di ẹni tí kò lè dìde lórí àga. Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà a máa bá oògùn náà du ọ̀nà nínú ìfun. Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sàn kí a lò ó ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá a dúró lójijì, ì báà ṣe nítorí ààwẹ̀, ì báà ṣe nítorí owó, ì báà ṣe nítorí pé a ti gbàdúrà fún un, a sì ní ó ti dá. Ara lè gan, ibà líle lè dé, ènìyàn sì lè ti ibẹ̀ kú. Bí owó oògùn bá ń tán lọ, ẹ sọ fún oníṣègùn kí ó tó tán.

Nígbà mìíràn aláìsàn a máa rí ènìyàn tàbí ẹranko tí kò sí nínú yàrá. Ẹ má ṣe pariwo àjẹ́. Àìsàn náà tàbí oògùn rẹ̀ lè mú un wá. Ẹ lọ sọ fún oníṣègùn, kí ẹ sì rán an létí àìsàn tí ó ń ṣe é, nítorí pé haloperidol, tí a fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, àti metoclopramide, tí a fi ń dá èébì dúró, lè mú kí ara rẹ̀ gan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ má fà á. Ẹ ó gbé e ṣubú. Ẹ ní kí ó dúró, kí ó fi ara lé ẹsẹ̀ kan, kí ó tún fi lé èkejì, kí ẹ sì máa ka ení, èjì, tàbí kí ẹ kọ orin tí ó ní ìlù. Télọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, orin ìgbéyàwó wọn ni aya rẹ̀ fi ń mú un kọjá ẹnu ọ̀nà. Nídìí oúnjẹ, kí òkèlè kéré, kí ó jókòó ṣánṣán, kí a má sì máa bá a tàkúrọ̀sọ nígbà tí ó bá ń gbé mì.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ. Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí ó wá sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1964, ọdún 1984 ni a sọ fún un pé ó ní àìsàn yìí. Ó fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n tan iná Òlíńpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996, ọdún 2016 ni ó sì kú. Ọdún 32 nìyẹn. Ta ni nínú yín tí ó lè dá nìkan ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, aya tàbí ọmọbìnrin kan ni a ń dì í lé lórí. Àwọn ìyókù a fi owó ránṣẹ́, wọ́n a sì rò pé gbèsè ti tán. Owó dára, ṣùgbọ́n owó kì í dìde lóru láti yí bàbá padà lórí ibùsùn. Aya télọ̀ náà sọ fún mi pé òun kò tọrọ ohunkóhun ju oorun òru méjì lọ́sẹ̀. Ìjọ tí ó ní ẹgbẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè fún un ní òru méjì.

Mo ti mú ṣọ́ọ̀kì wá. Bí a bá fa ìlà sórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ a máa gbéra láti ré e kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn, kí n fi bí a ti ń fà á hàn yín.