Ta Ló Ni Orin Tí A Jó Sí?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí orin ìgbà tiwa, inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún bà mí díẹ̀. Inú mi dùn nítorí ẹ̀yin tí a jọ gbé ilé kan náà mọ̀ pé bí oúnjẹ bá wà níwájú mi tí orin ń dún lókèèrè, orin ni n óò tẹ̀ lé. Ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí, ẹ óò gbọ́ ọ kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1964, 1965 àti 1966. Ṣé ẹ rántí rédíò ńlá tó wà ní ilé olùkọ́ wa tó ń gbé inú ọgbà? Ní alẹ́ Sátidé, àwa tí a láyà a máa yọ́ lọ jókòó sábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ gbọ́ àwọn Beatles. Ibẹ̀ la ti gbọ́ Rolling Stones àti Animals. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa fi àwo orin kan ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba, a lò ó títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lu. A fún sòkòtò mọ́ ẹsẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé ní ká lọ tú u. A wí fún ara wa pé, "Òyìnbó mà mọ orin o!"

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń jó sí yẹn, àwọn ọmọ òyìnbó yẹn kọ́ ni wọ́n ni ín. Ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i, ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà níbí.

Ní 1865 ni òfin fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní ìhà gúúsù, ní Mississippi àti àyíká rẹ̀, ń dáko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bí wọ́n bá kórè, wọn a pín in pẹ̀lú onílẹ̀. Gbèsè kì í sì í tán lọ́rùn wọn. Ẹ̀yin tí bàbá yín bá sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà rí, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Inú ìyà yẹn ni orin blues ti jáde. Ìlànà rẹ̀ kò le: wọn a kọ ìlà kan, wọn a tún un kọ, ìlà kẹta a wá dá a lóhùn. Ẹnu ní í lé, gìtá ní í gbè. Ta ló wá máa sọ fún mi pé kò jọ ohun tí a mọ̀ nílé?

Ọ̀kan nínú wọn ni Muddy Waters. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní tirẹ̀ ni McKinley Morganfield. Oko òwú ní Mississippi ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó kó lọ sí Chicago ní 1943. Nínú ilé ọtí Chicago, ariwo kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ gìtá lásán, ló bá so tirẹ̀ mọ́ iná mànàmáná. Ní 1950, ó gbé orin kan jáde tí ń jẹ́ "Rollin' Stone". Ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ kan ní London ń wá orúkọ fún ẹgbẹ́ wọn. Inú orin yẹn ni wọ́n ti mú un. Rolling Stones tiwa nìyẹn o!

Ní ọdún 1962 yẹn náà, àwọn ará Jámánì méjì kan, Horst Lippmann àti Fritz Rau, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn akọrin blues káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n dé Manchester, Mick Jagger àti Keith Richards wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó rin ìrìn-àjò láti London lọ wò wọ́n. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá ni wọ́n ń wò wọ́n.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní Chicago, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Willie Dixon, tó ń ta gìtá ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, tó sì ń dá orin sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti kọ. Òun ló dá "Little Red Rooster" sílẹ̀. Howlin' Wolf ló gbé e jáde ní 1961. Ní oṣù Kejìlá 1964, Rolling Stones gbé e dé ipò kìíní ní Ìlú Ọba. Ní oṣù Karùn-ún 1965, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kan pe Rolling Stones síbi ètò "Shindig!". Àwọn ọmọ náà ní àfi kí Howlin' Wolf náà wá kọrin níbẹ̀. Ó wá, wọ́n sì jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó Amẹ́ríkà kò tíì rí i rí, bẹ́ẹ̀ ìlú wọn ló ń gbé! Àlejò ló wá ń fi onílé han ará ilé.

N kò wá síbí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹni yá ohun ẹlòmíràn lò kì í ṣe olè. Àwa náà yá. I. K. Dairo mú ákọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, a jó sí i dáadáa, kò sí ẹni tó ní ó jalè. Ohun tí mò ń béèrè kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí ìyìn dé, tí owó dé, ǹjẹ́ a dárúkọ ẹni tó ni nǹkan?

Àwọn kan dárúkọ rẹ̀. Ní 1966, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Cream, ní Ìlú Ọba, kọ "I'm So Glad", orin tí Skip James ti gbà sílẹ̀ láti 1931. Orúkọ bàbá náà ni wọ́n kọ sára àwo. Arúgbó ni, ara rẹ̀ kò sì dá. Owó orin yẹn dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó kú ní 1969. Iṣẹ́ tó ti ṣe ní nǹkan bí ọdún márùndínlógójì sẹ́yìn ló padà wá tọ́jú rẹ̀, nítorí pé ẹnìkan kọ orúkọ kan síbi tó yẹ.

Àwọn mìíràn kò kọ ọ́. "Surfin' U.S.A." tí àwọn Beach Boys fi mi ìgboro ní 1963, ohùn "Sweet Little Sixteen" tí Chuck Berry gbé jáde ní 1958 ni. Nígbà tí àwo náà kọ́kọ́ jáde, kò sí orúkọ Chuck Berry níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi í sí i. Willie Dixon ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Led Zeppelin gbé "Whole Lotta Love" jáde ní 1969, kò rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ ti "You Need Love" tó kọ fún Muddy Waters. Ó di 1985 kó tó pe ẹjọ́, ó di 1987 kí wọ́n tó fi ìtùnbí-ìnùbí parí rẹ̀. Dixon dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, Blues Heaven Foundation, láti máa ran àwọn akọrin tó ti dàgbà lọ́wọ́ kí ẹ̀tọ́ wọn lè tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu ọ̀nà tiwa náà. Ní 1973, Paul McCartney tó ti wà nínú Beatles wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó. Fela fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin ènìyàn dúdú. McCartney gbé ohun tó ti gbà sílẹ̀ fún un gbọ́, Fela sì rí i pé kò sí tiwa nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan ní Fela le jù. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Èyí tó kàn mí jù ló kù. Ẹ rántí "The House of the Rising Sun" tí àwọn Animals kọ ní 1964? Ta ni kò gbìyànjú láti ta á lórí gìtá nínú wa? Orin àtijọ́ ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun ló dá a sílẹ̀. Àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ tún un tò. Hilton Valentine ló ta gìtá tí gbogbo ayé fi dá orin náà mọ̀, Eric Burdon ló fi ohùn sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnìkan ṣoṣo, Alan Price tó tẹ ọ̀gàn, ló wà lára àwo gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tún orin tò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni owó ìtúntò ń tọ̀ lọ. Àwọn tó kù ò yé ráhùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ka ìtàn yẹn, mo pa ìwé dé. Oorun ò kùn mí lọ́jọ́ náà.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ní 1966, nígbà tí a fẹ́ ṣe eré ìparí ọdún, ọ̀gá ilé-ìwé ní àwa ẹlẹ́gbẹ́ gìtá kò gbọdọ̀ kọ kìkì orin òyìnbó, a ní láti kọ ọ̀kan ní èdè wa. Ẹnu mi kán. Ọmọ kíláàsì wa kan wà, kò sí nínú ẹgbẹ́ gìtá, kò tilẹ̀ ní gìtá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. A jọ lọ pọn omi ní odò, ó ń kọrin kan lábẹ́ ohùn. Mo ní, "Níbo lo ti gbọ́ ìyẹn?" Ó ní, "Èmi ni mo rò ó." Ó kọ́ mi, mo lọ fi gìtá gbè é. Nígbà tí wọ́n ń tẹ ìwé ètò, wọ́n bi mí pé ta ló dá orin náà sílẹ̀. Mo ní èmi ni.

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní ẹ̀bùn kálàmù kan. Ó jókòó sáàárín èrò, ó ń wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orin náà ni orin ìdágbére tí a ṣì ń kọ ní ilé-ìwé wa dòní. Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní 1975 kọ ọ́, ẹ̀yin ti 1990 kọ ọ́. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ilé-ìwé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Mo rí i láàárọ̀ yìí, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wò mí títí, ó ní, "Mo rò pé o ti gbàgbé ni." N kò gbàgbé rí. Ó wà ní ìlà kẹta. Ẹ jẹ́ kó dìde, kí ẹ rí ẹni tó ni orin yín. Kálàmù náà rèé, kò kọ̀wé mọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Akọ̀wé ti gbà láti tẹ orin náà sínú ìwé ìròyìn wa tọ̀tẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, bí ẹ bá padà délé, ẹ ronú. Ta ló ya àmì ara aṣọ wa? Ta ló gbin àwọn igi tí a ń gba atẹ́gùn lábẹ́ wọn? Ìyá wo ló ń sè oúnjẹ wa láti ìdájí? Ẹ kọ orúkọ wọn ránṣẹ́ sí akọ̀wé nígbà tí a ṣì ń rántí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, ká má dín.