Ẹ̀wà Tútù àti Efinrin: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lórí Sàláàdì Àkọ́rọ̀ Òjò

Ọ̀rọ̀ tí a pèsè fún àwọn olóko ewébẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ìyá ilé ní Alákijà àti agbègbè rẹ̀



Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí òtútù bá ti lọ tí oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àwọn ènìyàn a máa ká ẹ̀wà kan tí ó rí rogodo, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ewé, èyí tí a ń pè ní píìsì. Wọn a bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a já ewé olóòórùn dídùn kan tí a ń pè ní míǹtì sí i, wọn a sì pò ó mọ́ ewé tútù. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní sàláàdì. Kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́. Láti ìgbà tí a ti kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣe ní ọdún 1977, onírúurú ènìyàn ni ó ti ń gbé ní agbègbè yìí, àwọn tí ó sì ń wá lẹ́túùsì, kùkúḿbà àti àlùbọ́sà eléwé láti rà kò kéré níye.

Àwọn kan nínú yín yóò wí pé, "Ewúrẹ́ ni ń jẹ ewé láìsè." Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Iná tí àwọn ìyá wa fi ń se ẹ̀fọ́ kì í ṣe fún adùn nìkan. Òun ni ó ń pa kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mú iná kúrò nínú oúnjẹ gbọ́dọ̀ fi ìmọ́tótó rọ́pò rẹ̀, láti orí ebè títí dé inú àwo. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí a lè gbìn, lẹ́yìn náà a ó sọ bí a ó ti pa á mọ́, àti bí a ó ti sè é.

ÈKÍNÍ: Ẹ̀wà tí ó bá ilẹ̀ wa mu

Píìsì kò fẹ́ ooru. Bí ooru bá pọ̀, òdòdó rẹ̀ a máa rẹ̀ dànù, kì í sì í so dáadáa. Orí òkè Jos, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù, ni ó lè gbà á ní orílẹ̀-èdè wa; kì í ṣe etí òkun. Èyí tí ẹ ń rí nínú agolo, tàbí èyí tí ó dì gbagidi nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù, ti rin ìrìn àjò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin ni ẹ sì ń san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tiwa, tí àwọn àgbà ń pè ní erèé, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, Nàìjíríà ni ó sì ń gbìn ín jù ní gbogbo ayé. Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí, fún àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì. Bí a bá ká a nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti kún inú èèpo, ṣùgbọ́n tí èèpo náà ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń dùn, ó sì lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí píìsì ń ṣe nínú sàláàdì. Ó tún ń ṣe ilẹ̀ ní oore. Bí ẹ bá fa igi ẹ̀wà kan tu, ẹ ó rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀. Nínú kókó wọ̀nyí ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín ń gbé, tí wọ́n ń gba oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́ fún igi náà. Nígbà tí gbòǹgbò náà bá sì jẹrà, ilẹ̀ yóò jèrè níbẹ̀.

ÈKEJÌ: Bí a ti ń gbìn ín

Ní oṣù kẹta ni òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ẹ má ṣe sáré gbìn nígbà tí òjò kan ṣoṣo bá rọ̀. Ẹ dúró kí ilẹ̀ mu omi dáadáa, kí ẹ sì gbìn ní oṣù kẹrin. Ilẹ̀ agbègbè wa jẹ́ iyanrìn, àbàtà sì pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú omi. Nítorí náà, ẹ kọ ebè gígùn tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí poro sì wà láàárín fún omi láti ṣàn lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí àárín ìlà kan àti èkejì, àti ínṣì mẹ́jọ sí àárín ihò kan àti èkejì. Ẹ fi ọmọ ẹ̀wà méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó jìn tó ínṣì kan. Ẹ ro ó nígbà tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, ti mú irú ẹ̀wà jáde tí ó ń gbó ní nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́. Irú ẹ̀wà tí ó tètè ń gbó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Ẹ̀wà tí a bá fẹ́ kí ó gbẹ, àrọ̀kúrò ni ó yẹ ẹ́, kí ó lè bá oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn pàdé. Ẹ̀wà àkọ́rọ̀ tí a bá fi sílẹ̀ láti gbẹ máa ń jẹrà nínú òjò oṣù kẹfà. Nítorí náà, kíká a ní tútù kì í ṣe fàájì lásán. Òun ni a fi ń gba iṣẹ́ wa lọ́wọ́ òjò. Ẹ máa ká a ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì tà á tàbí kí ẹ sè é ní ọjọ́ náà.

ÌKẸTA: Efinrin àti míǹtì

Ẹnikẹ́ni kò ní láti kọ́ yín ní gbígbin efinrin. Ẹ̀yìnkùlé ni ó wà. Ohun tí ó ń mú òórùn rẹ̀ ta sánsán, ohun kan náà ni ó wà nínú ewé táìmù tí àwọn alásè ń rà nínú ìgò. Ewé rẹ̀ lágbára ju míǹtì lọ, nítorí náà díẹ̀ ni a ń lò.

Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ míǹtì gan-an, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní na'a-na'a, ó lè rí i gbìn. Kí ó gé ọ̀pá rẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin, kí ó já àwọn ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ó sì gbìn ín sínú ilẹ̀ tí ó tutù, níbi tí òjìji ti ń bò ó ní ọ̀sán. Inú ìkòkò tí a lu nísàlẹ̀ ni ó dára jù fún un, nítorí pé ó máa ń rá kiri, ó sì lè gba ebè mọ́ ohun mìíràn lọ́wọ́.

ÌKẸRIN: Omi àti ajílẹ̀

Ẹ fi ọkàn sí apá yìí ju gbogbo ìyókù lọ.

Ní ìlú London, ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní àdúgbò kan. Oníṣègùn kan, John Snow, wádìí ibi tí àwọn tí ó kú ti ń pọn omi, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ní òpópónà Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Láti inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé omi ẹlẹ́gbin ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Àrùn kan náà jà ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó sì pa ènìyàn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ àná kọ́ ni à ń sọ.

Ní ilẹ̀ iyanrìn bíi tiwa, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Kànga tí kò jìn, tí ó sì wà nítòsí ṣáláńgà, ohun tí ó wà nínú ṣáláńgà náà ni yóò mu. Omi gọ́tà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí ó ń ṣàn láti ojú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá a máa gbé epo ọkọ̀ àti èérí irin wá. Ẹ kíyèsí i: ẹrẹ̀ tí ó wà lára ewé, a lè fọ̀ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí gbòǹgbò bá ti fà mu sínú ewé, kò sí ìfọ̀ tí ó lè yọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa òfin mẹ́rin yìí mọ́:

(1) Ẹ má ṣe fi omi gọ́tà rin ewébẹ̀ tí a ó jẹ láìsè. Omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga jíjìn tí a bò dáadáa ni kí ẹ lò.

(2) Ìdí igi ni kí ẹ da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Bí ọjọ́ kíká bá ti ń sún mọ́, ẹ dín omi kù.

(3) Ẹ má ṣe da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí lẹ́túùsì. Ẹ kó o jọ, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì máa yí i títí yóò fi jẹrà pátápátá. Èyí tí kò bá tí ì jẹrà, oṣù mẹ́rin ni kí ó fi wà nínú ilẹ̀ kí ẹ tó ká ohunkóhun tí a ó jẹ ní tútù lórí ilẹ̀ náà.

(4) Ewébẹ̀ tí a ń sè, irú bíi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ni kí ẹ gbìn sí apá tí ó sún mọ́ ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí èyí tí a ó jẹ ní tútù jìnnà sí i. Àmọ́ ibi tí omi ojú ọ̀nà bá ti ń wọlé, ẹ má ṣe gbin oúnjẹ kankan síbẹ̀.

ÌKARÙN-ÚN: Oògùn apakòkòrò

Kòkòrò fẹ́ràn òdòdó àti èèpo ẹ̀wà púpọ̀. Lórí ebè kékeré, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ṣa kòkòrò kúrò. Omi tí a rẹ ewé dóńgóyárò sí náà a máa lé wọn. Bí ẹ bá ní láti lo oògùn tí a rà, èyí tí a ṣe fún ewébẹ̀ ni kí ó jẹ́, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó ká ohun kan. Oògùn tí a fi ń pa aáyán nínú ilé kò ní iṣẹ́ kankan lórí oúnjẹ. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títà ìgò kékeré oògùn dichlorvos ní ọjà, nítorí ìlòkulò tí àwọn ènìyàn ń lò ó.

ÌKẸFÀ: Sísè àti pípò rẹ̀

Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ wá ẹ̀wà tútù tí a ti bó, ìwọ̀n agolo mílíìkì mẹ́ta, ewé efinrin mẹ́fà, tàbí ẹ̀kúnwọ́ míǹtì kan, kùkúḿbà kan, lẹ́túùsì kan, àlùbọ́sà eléwé méjì, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, òróró ẹ̀pà síbí méjì, àti iyọ̀ díẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ ó fi gé e. Ẹ se ẹ̀wà náà títí yóò fi rọ̀. Kì í pẹ́ tó ẹ̀wà gbígbẹ. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ ní tútù bí àwọn òyìnbó ti ń jẹ píìsì, nítorí ohun kan wà nínú ẹ̀wà wa tí kì í jẹ́ kí inú lọ oúnjẹ dáadáa àfi bí iná bá kàn án. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì já efinrin wẹ́wẹ́ sí i nígbà tí ó ṣì gbóná. Ooru náà yóò rọ ewé náà, yóò sì pín òórùn rẹ̀ kárí. Ẹ jẹ́ kí ó tutù.

Ẹ ya ewé lẹ́túùsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi mímọ́, tàbí omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Ẹ gé e pẹ̀lú kùkúḿbà àti àlùbọ́sà, kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ sì da òróró àti iyọ̀ sí i. Ọsàn náà fún adùn ni. Kò lè pa kòkòrò àrùn tó. Kí sàláàdì má ṣe ju wákàtí méjì lọ nínú ooru kí ẹ tó jẹ ẹ́ tán. Fún ọmọdé, aboyún, arúgbó àti ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹ yọ ewé tútù kúrò; ẹ̀wà, efinrin àti tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀ yóò ṣe wọ́n ní oore.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fún ẹ̀yin tí ẹ ń tà

Ẹni tí ó ra lẹ́túùsì lọ́wọ́ yín kò rí kànga yín. Ọwọ́ yín ni ó fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ lé. Bí olóko kan bá fi omi gọ́tà rin ebè tirẹ̀, tí àìsàn sì ti ibẹ̀ wá, oníbàárà kò ní béèrè ebè ta ni. Gbogbo ewébẹ̀ Alákijà ni yóò sá fún. Nítorí náà ẹ jùmọ̀ ṣọ́ omi yín, kí ẹ sì jùmọ̀ gbẹ́ kànga tí ó dára bí agbára ẹnìkan kò bá ká a. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí òjò ọdún yìí rọ̀ fún wa ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ẹ̀wà yín so, kí ọjà yín sì tà.