Ìgbàgbọ́ àti Àníyàn: Ohun tí Àjàyí Crowther Kò Fi Pamọ́

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àníyàn àti bí onígbàgbọ́ ṣe lè gbé e. Inú lẹ́tà kan ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù kejì ọdún 1837, olùkọ́ kan ní Fourah Bay, ní Sàró, kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS láti ròyìn bó ṣe di ẹrú àti bó ṣe bọ́. Samuel Àjàyí Crowther ni olùkọ́ náà. Ẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ tó: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ibi tí àwa oníwàásù máa ń fò nínú lẹ́tà náà ni kí ẹ jẹ́ kí a dúró sí.

Kí ó tó dé Èkó, ọwọ́ obìnrin kan tó rà á ló wà. Ara dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ níbẹ̀; òun àti ọmọ obìnrin náà jọ ń rìn káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n ìyá yìí a máa dárúkọ ìrìnàjò sí ìlú Pópó, Àjàyí sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ọ̀nà ibẹ̀ já sí. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ kò tíì pé, wọn kò tíì tà á, àyà rẹ̀ ti já. Nígbà tó yá, lóru, ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run lórí ìlà kan, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Ẹ wo irú ẹni tó kọ ọ́ sí: àwọn tó gbà á síṣẹ́. Wọ́n tẹ lẹ́tà náà jáde lọ́dún yẹn gan-an, kò sì dí i lọ́nà oyè àlùfáà. Ẹgbẹ́ náà kò fi ṣe nǹkan kan. Àwa ńkọ́? Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ka ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí ẹni tó bá ṣe irú ohun tí ọmọdékùnrin yẹn ṣe. Ní ti ìjọ, ẹ kàn dìde lálẹ́ ọjọ́rú kan kí ẹ ní oorun ti dá lójú yín, kí ẹ wá gbọ́ bí wọn yóò ṣe ní kí ẹ má fi ẹnu ara yín pe ibi.

Mo lòdì sí i. Ìgbàgbọ́ tí Àjàyí rí gbà ní Sàró kò sọ pé ẹ̀rù kò bà á rí. Ó fún un ní ibi tí yóò ti wí i.

Pọ́ọ̀lù náà kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nínú túbú ló ti kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n má ṣe àníyàn, kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ fún Ọlọ́run pẹ̀lú ọpẹ́. Orí kẹrin ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà, ní orí kejì, nígbà tí Epafíródítù ṣàìsàn dé ojú ikú tí ara rẹ̀ sì yá, Pọ́ọ̀lù ní òun ń dá a padà sílé kí ìbànújẹ́ òun lè dín kù. Ìbànújẹ́ wà nílẹ̀, ó sì sọ ọ́.

Ìwé Àwọn Ọba kìíní, orí kọkàndínlógún, ló tilẹ̀ wù mí jù. Jésíbẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí Èlíjà. Ó sá, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, ó dá wọ aginjù lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Angẹli tó wá kò bá a wí. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun: àkàrà tí a yan lórí ẹyin iná àti omi nínú ìkòkò. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Angẹli tún jí i, ó tún ní kó jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn jù fún un. Ìgbà tó dé Hórébù ni Ọlọ́run tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ó sì fi Èlíṣà tì í lẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú bí a bá ní kí ìyá tí kò rí oúnjẹ jẹ mọ́, nítorí ọmọ rẹ̀ tó forí lé aginjù Sàhárà, gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan omi. Ààwẹ̀ dára. Ẹni tí oúnjẹ kò wọ̀ lẹ́nu ti ń gba tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe ohun tó jọ èyí ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Àrò láti ọdún 1954. Àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ni àwọn aláìsàn ń gbé. Ìbátan kan ní láti tẹ̀ lé wọn wá, kó máa dáná, kó máa fọṣọ, kó máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Egbòogi òyìnbó wà níbẹ̀, ẹbí náà sì wà níbẹ̀. Àdúrà kò bá èyíkéyìí jà.

Ẹ̀yin pásítọ̀, mo bẹ̀ yín, nígbà ẹ̀rí, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú. Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó gbàdúrà. Ẹ bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn, ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí irú ohun tó ṣe Àjàyí ń ṣe é lóru, kó má dá wọ aginjù lọ. Ẹ sọ fún ẹnì kan lálẹ́ òní, kí ẹ sì jẹ́ kó sìn yín lọ rí dókítà lọ́la.