Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ Lórí Ṣíṣọ́ Kọ̀ǹpútà Ilé-Iṣẹ́



Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nìkan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín yín ni a ti rí oníṣòwò, alábòójútó ilé ìwòsàn, olórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹni tí ó dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ìwé owó yín, orúkọ àwọn oníbàárà yín, àti àṣírí àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé yín ti kúrò nínú àpótí. Inú kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ mọ́ra, tí a sì so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n wà nísinsìnyí. Olórí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, onílé ni. Ọ̀rọ̀ ògiri ilé kò sì yẹ kí ó ṣàjèjì sí onílé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ inú rẹ̀. Kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ ènìyàn ṣe tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ibi tí ó lanu. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ṣe ètò náà ni ó ṣe àṣìṣe. Nígbà mìíràn, ẹni tí ń lò ó ni kò ti ilẹ̀kùn, tàbí tí kò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ọjà. Láti ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ MITRE ní Amẹ́ríkà ti ń kọ àwọn ihò tí a mọ̀ sínú àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní CVE, tí ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbangba ni àkọsílẹ̀ náà wà: bí onílé ti ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni olè ń kà á.

Nítorí èyí ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi ṣe ètò ayẹ̀wò, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹ̀ṣọ́ tí ń yí odi ìlú po. Ètò náà yóò kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, yóò wádìí irú ètò tí ó wà níbẹ̀ àti bí ó ti pẹ́ tó, yóò fi ohun tí ó rí wé àkọsílẹ̀ àwọn ihò, yóò sì jíṣẹ́ fún onílé pé: ihò báyìí wà níhìn-ín, ewu rẹ̀ pọ̀, tètè dí i. Ní ọdún 1995, Dan Farmer àti Wietse Venema gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n sọ ní SATAN. Ọ̀pọ̀ ènìyàn figbe ta, wọ́n ní a ti fi kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n olè kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni láti wá ihò. Onílé tí kò wá a ni yóò jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò mọ̀. Ní ọdún 1998 ni Renaud Deraison gbé Nessus jáde, lónìí irú wọn sì pọ̀; òmíràn nínú wọn, bí OpenVAS, ọ̀fẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí a tìtorí rẹ̀ dìde ni èyí: ẹ̀ṣọ́ kò lè rí ibi tí a kò rán an dé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó bá Equifax, ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, tí ń kọ ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn sílẹ̀ kí ayánilówó lè mọ ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2017, a kéde pé ihò ńlá wà nínú ètò kan tí a ń pè ní Apache Struts, àbùlẹ̀ tí a ó fi dí i sì ti wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 9, Equifax pàṣẹ pé kí a fi àbùlẹ̀ náà sí i láàárín wákàtí 48. Ní ọjọ́ 15, wọ́n ṣe ayẹ̀wò, ayẹ̀wò náà kò sì rí ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ ni ihò náà wà níbẹ̀, lójú ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà tako àkọsílẹ̀ tí kò tọ́ nípa wọn. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn lẹ́yìn náà pé ìloro ni ayẹ̀wò náà wò, kò wọ yàrá. Pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní àkọsílẹ̀ pípé nípa gbogbo ohun tí ó ní. Àti pé ìwé orúkọ àwọn tí a fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ti di ti àtijọ́, tí ìkìlọ̀ náà kò fi dé ọwọ́ àwọn tí ìbá dí ihò náà.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ni àwọn olè wọlé. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ ìwọlé nínú fáìlì kan tí a kò dáàbò bò, wọ́n sì fi í dé ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ 48. Ọjọ́ 76 ni wọ́n lò nínú ilé. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ohun tí ń jáde ti fọ́jú fún oṣù 19, nítorí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ di ọ̀tun. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ di ọ̀tun, èyíinì ni ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọjọ́ náà gan-an ni a rí olè. Àṣírí ènìyàn bíi mílíọ̀nù 147 ti lọ. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 575 dọ́là ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí ènìyàn kì í ṣe aṣọ tí a lè pààrọ̀ bí olè bá jí i. Owó kò lè dá èyí padà.

Ẹ̀yin ará, Equifax ní owó, ó ní òṣìṣẹ́, ó ní ètò ayẹ̀wò, ó sì pàṣẹ ní àkókò. Ohun tí kò ní ni ìkànìyàn ohun ìní rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó yẹ ohunkóhun wò, kí a kọ́kọ́ ka gbogbo kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tí a so pọ̀, títí kan èyí tí a ti gbàgbé sí igun ilé. Lẹ́yìn èyí, kí a yẹ̀ wọ́n wò láti òde àti láti inú, kí a sì fún ètò ayẹ̀wò ní àṣẹ ìwọlé kí ó lè dé yàrá. Kí a kọ orúkọ ènìyàn kan àti ọjọ́ kan sí iwájú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ náà bá pé, kí a tún un yẹ̀ wò, nítorí ẹnu tí ó sọ pé òun ti dí ihò kì í ṣe ẹ̀rí pé ihò ti dí.

Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú kò sùn. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ènìyàn ti ọdún 2023 pàṣẹ pé bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì lè wu àwọn oní-nǹkan léwu, kí a fi tó àjọ tí ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Òfin ọdún 2015 sì ka wíwọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ògiri tiwa ni kí a yẹ̀ wò; bí ó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí a gba ìwé àṣẹ.

Bí ẹ bá padà sí ilé-iṣẹ́ yín, ẹ bi ẹni tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín léèrè pé: mélòó ni gbogbo ohun tí a so pọ̀? Ọjọ́ wo ni a yẹ̀ wọ́n wò kẹ́yìn? Ta ni yóò dí ihò tí a rí? Bí kò bá rí ìdáhùn fún ìbéèrè èkíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdáhùn méjì yòókù fi yín lọ́kàn balẹ̀.