Iṣẹ́ Ìwádìí Àwọn Onímọ̀: Kí Ni Ó Kan Àwa Oníṣòwò?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Bouaké

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nípa ìtàn, èdè, àṣà àti ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan oníṣòwò níbẹ̀, ó kàn wá gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ghana, aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń tajà tipẹ́ ní Tamale àti àwọn ìlú mìíràn ní àríwá di ẹrù, wọ́n ń lọ sílé. Onímọ̀ òyìnbó kan, J. S. Eades, ṣe ìwádìí nípa wọn, ó sì gbé ìwé jáde ní 1993, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Strangers and Traders. Ó ṣàlàyé bí àwọn ará ìlú Yorùbá díẹ̀ ṣe fi ẹbí fa ẹbí wọnú òwò, títí wọ́n fi di ẹni tí ọjà mọ̀. Ìwé náà kò dá ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1969 lè ka ohun tí baba rẹ̀ ṣe níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé a kò gbé ibẹ̀ rí.

Ìwé pàápàá máa ń sọnù. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní ìlú òyìnbó. Ó kú ní 1901 láìrí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Ká ní ẹ̀gbọ́n kò tọ́jú àkọsílẹ̀, kí ni àbúrò ì bá fi ṣiṣẹ́?

Bouaké tiwa náà ní yunifásítì, èyí tí wọ́n sọ ní Alassane Ouattara ní 2012, tí wọ́n ti ń kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, Abidjan ni wọ́n gbé e lọ. Nínú irú ìrúkèrúdò bẹ́ẹ̀, ọmọ ni èèyàn ń dì mú, kì í ṣe àpótí ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè lónìí bí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú wa yòókù ṣe dé ibí, ta ni yóò sọ fún un bí kò ṣe àwa?

A mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ivoirité ti gbòde ní àwọn ọdún 1990, àyà àlejò máa ń já bí wọ́n bá béèrè ibi tí baba rẹ̀ ti wá. Nítorí náà, bí olùwádìí bá dé, ẹ béèrè lẹ́tà yunifásítì rẹ̀. Ẹ lè ní kí ó má kọ orúkọ yín. Kò pọn dandan kí ẹ sọ iye owó yín. Kí ó sì ṣèlérí pé òun yóò mú ẹ̀dà iṣẹ́ náà wá fún ẹgbẹ́.

Ní tiwa, a bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò àtijọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi fóònù yín gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìpàdé àti ìwé èsúsú, kí ọ̀kan wà níbí, kí èkejì wà nílé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àrọ́bá náà sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ire o.